Ọ̀NÀ GÍGÙN LÁÀRIN ÌBÀLÁGÀ ÀTI ÌGBÉYÀWÓ
Ẹ̀kọ́ fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ń kàwé ní Èbúté Mẹ́ta



Oṣù Kẹsàn-án dé, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sì tún ṣí ilẹ̀kùn wọn. Àgbẹ̀ ń ro oko àgbàdo tí ó gbìn lẹ́ẹ̀kejì ọdún, ó sì ń retí kòkó tí yóò pọ́n. Ní àkókò yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń gbé abúlé máa ń di ẹrù ọmọ, tí a ń rán an lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wa ní Èbúté Mẹ́ta, kí ó lè kàwé ju ibi tí àwa kà á dé lọ. A fi gàrí, èlùbọ́ àti epo lé e lọ́wọ́. A san owó ìwé. A gbàdúrà lé e lórí. Lẹ́yìn náà a padà sí oko wa.

Bí ọdún kan tàbí méjì bá kọjá, nígbà mìíràn ìròyìn a dé pé ọmọ náà kò kàwé mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ẹni tí ó máa ń gba ipò kẹta ní kíláàsì ti bọ́ sí ipò ogún. Bàbá a ní iṣẹ́ ayé ni. Alágbàtọ́ a ní oríkunkun ni. Olùkọ́ a ní ọmọ náà a máa sùn nígbà tí a ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, a lè rí i pé ọmọbìnrin náà ti ní ọ̀rẹ́ ọkùnrin, tàbí pé ọmọkùnrin náà ti ní ọ̀rẹ́ obìnrin, kò sì sí àgbàlagbà kan ṣoṣo tí ó mọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. A kò kọ ẹ̀kọ́ yìí láti bú àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ ọ́ láti bò wọ́n láṣìírí. A kọ ọ́ kí a lè mọ ohun tí ó ń ba ìwé àti ìlera wọn jẹ́ gan-an nínú ọ̀rọ̀ yìí, àti ohun tí òbí lè ṣe kí ó tó pẹ́ jù.

1. ORÚKỌ TÍ A Ń PÈ É

Èdè wa kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ ni ẹni tí a ń bá rìn. Àfẹ́sọ́nà ni ẹni tí a ti fẹ́ sílẹ̀, tí ilé méjèèjì mọ̀, tí a sì ń retí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Àlè ni ẹni tí a ń bá ní ìbálòpọ̀ tí kò tọ́, tí a sì ń fi pamọ́ fún ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 àti ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16 tí wọ́n jọ ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀ ní ọ̀nà Ọ̀yìngbò, tí ọkàn wọn sì fà sí ara wọn. Wọ́n ju ọ̀rẹ́ lásán lọ. Wọn kì í ṣe àfẹ́sọ́nà, nítorí kò sí ẹni tí ń sọ ti ìgbéyàwó. A kò sì gbọdọ̀ pè wọ́n ní àlè, nítorí ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó tíì wà láàrin wọn. Àwọn fúnra wọn a máa pe ara wọn ní bọ́ifúrẹ́ǹdì àti gẹ́lífúrẹ́ǹdì. Pé ọ̀rọ̀ àyálò ni wọ́n ń lò fi hàn pé ipò náà jẹ́ tuntun láàrin wa, àwọn baba ńlá wa kò sì fi àṣà kan lélẹ̀ fún un. Níbi tí kò bá sí àṣà, níbẹ̀ ni ọmọdé ti ń dá rìn.

2. BÍ Ó TI RÍ NÍ ÌGBÀ ÀTIJỌ́

Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣe àlàyé pé ìpele mẹ́ta ni ìgbéyàwó ní láàrin àwọn baba wa: a ó kọ́kọ́ fi ojú sí ọmọbìnrin náà láti kékeré, lẹ́yìn èyí a ó ṣe ìṣíhùn, nígbẹ̀yìn a ó gbé ìyàwó. Àwọn obìnrin ilé ni wọ́n máa ń fojú sóde fún ọmọkùnrin wọn. Alárinà ni ó sì ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin ilé méjèèjì.

Iṣẹ́ alárinà ju pé kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an lọ. Òun ni ó ń wádìí bóyá àrùn kan wà nínú ìdílé náà, bóyá wọ́n jẹ gbèsè, bóyá ọmọkùnrin náà mọ iṣẹ́ ṣe, bóyá ó jẹ́ oníjà tàbí ọ̀mùtí. Ohun tí ó bá ń ṣẹlẹ̀ láàrin ọ̀dọ́ méjì náà, àgbàlagbà kan wà tí ó mọ̀ ọ́n. Bí ìjà bá dé, ẹnìkan wà tí wọ́n lè sá tọ̀ lọ.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ohun ìgbà náà ni ó dára. A ti fi ọmọbìnrin púpọ̀ fún ọkùnrin tí wọn kò fẹ́ fi ojú rí, a sì ti yan ọkọ fún ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kí a má padà síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ mú nínú rẹ̀, èyí nì ni pé wọn kì í fi ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní òun nìkan nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Ní ìgbà náà pẹ̀lú, ọ̀nà kúrú. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin bá ti bàlágà títí di ọjọ́ tí yóò wọ ilé ọkọ, àkókò náà kì í pẹ́ púpọ̀. Ohun tí ó sọ ọ̀nà yìí di gígùn ni ìwé kíkà.

3. ÈBÚTÉ MẸ́TA ÀTI Ọ̀NÀ GÍGÙN NÁÀ

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà náà ti ṣe gùn sí i, kí ó wo Èbúté Mẹ́ta. Ní ọdún 1867, nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àwọn Kristẹni Ẹ̀gbá tí wọ́n sá wá sí Èkó ni Gómìnà Glover fún ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta kí wọ́n lè tẹ̀ dó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1869, ni C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá tiwọn sílẹ̀ ní 1879, ìjọba sì dá Queen's College sílẹ̀ ní 1927. Méjì tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí wà ní Yábà lónìí, kò sì jìnnà sí Èbúté Mẹ́ta. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí ná ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti ìlú púpọ̀ wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Wọ́n ń gba owó oṣù, wọ́n sì ń gbé yàrá láàrin àwọn aládùúgbò tí kò mọ bàbá wọn, tí kò mọ ìyá wọn.

Ẹ kíyèsí i pé ohun méjì ni ó ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ mú kí ìgbéyàwó pẹ́ sí i. Ìlú ńlá sì mú alárinà kúrò láàrin. Ta ni yóò lọ wádìí ìdílé ọmọkùnrin tí agboolé rẹ̀ wà ní ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò dé rí?

Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà mọ àìní yìí lára. Láàrin 1929 àti 1930, ìwé ìròyìn Àkéde Èkó ti Isaac Babalọlá Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀, ìtàn obìnrin Èkó kan tí ó ń fi ẹkún ròyìn bí òun ti fi ìgbà èwe òun ṣòfò lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Nígbà tí West African Pilot bẹ̀rẹ̀ ní 1937, kò pẹ́ tí ó fi ní abala kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ̀wé sí láti béèrè ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Àwọn tí kò rí alárinà nílé lọ ń wá a nínú ìwé ìròyìn. Lónìí, wọ́n ń wá a nínú fóònù. Nítorí náà, kí a má ṣe máa sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni ó bàjẹ́. Àwọn ìyá wọn àgbà pẹ̀lú béèrè irú ìbéèrè kan náà.

Ẹ wá ṣírò bí ọ̀nà náà ti gùn tó lónìí. Ọmọ tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọmọ ọdún 11 tàbí 12 yóò lo ọdún 6 níbẹ̀. Bí ó bá lọ sí yunifásítì, yóò tó ọmọ ọdún 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó parí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, sì sọ pé kò sí ìgbéyàwó tí ó fìdí múlẹ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ara ọmọ ti ń dàgbà, ọkàn rẹ̀ ti ń fà, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá lè wà níwájú rẹ̀ kí ó tó di ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ta ni ó ń bá a rin ọdún mẹ́wàá náà?

4. OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ FI HÀN

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, ó sì yẹ kí a gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀mọ̀wé Pamela Orpinas ti Yunifásítì Georgia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ 624 láti kíláàsì kẹfà títí dé ìkejìlá, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2013. Àwọn ọmọ tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rẹ́ ọkùnrin àti obìnrin láti ìgbà tí wọ́n kéré, tí wọn kò sì dẹ́kun, ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń kàwé burú jù lọ. Àwọn tí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìparí nínú wọn tó ìlọ́po mẹ́rin àwọn ẹgbẹ́ wọn, ó sì ṣeé ṣe fún wọn ní ìlọ́po méjì láti mu ọtí, sìgá àti igbó.

Ní 2019, òun àti Brooke Douglas tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí àwọn ọmọ 594 tí wọ́n wà ní kíláàsì kẹwàá. Àwọn kan máa ń rò pé ọmọ tí kò bá ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ bí a ti ń bá ẹgbẹ́ rìn. Òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n rí. Àwọn olùkọ́ jẹ́rìí pé àwọn ọmọ tí kò ní bọ́ifúrẹ́ǹdì tàbí gẹ́lífúrẹ́ǹdì mọ bí a ti ń bá ènìyàn gbé, wọ́n sì lè ṣe aṣáájú. Ìbànújẹ́ ọkàn sì kéré láàrin wọn. Èyí yẹ kí ó fi ọkàn ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣẹ̀sín balẹ̀.

Ṣáájú èyí, ní ọdún 2000, Kara Joyner àti Richard Udry ti tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ju 8,000 lọ, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 12 sí 17. Wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ ọkàn pọ̀ sí i láàrin àwọn tí wọ́n wọ inú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ju àwọn tí kò wọ̀ ọ́ lọ, ó sì pọ̀ lára àwọn ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí ni pé àárín ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀ ti dàrú.

Kí a ṣọ́ra nínú bí a ó ti lo ọ̀rọ̀ yìí. Amẹ́ríkà kì í ṣe Èbúté Mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé ọ̀rẹ́ ṣíṣe nìkan ni ó fa gbogbo rẹ̀, nítorí ọmọ tí ilé rẹ̀ kò tòrò ni ó máa ń yára wá ìtura lọ sí ìta. Bí ewé ìsu bá pọ́n, ó lè jẹ́ oòrùn, ó lè jẹ́ ilẹ̀, ó sì lè jẹ́ kòkòrò. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n a máa wo gbòǹgbò kí ó tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan hàn gbangba: ibi tí ọ̀rẹ́ ọmọdé bá ti bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, tí àárín ọmọ àti òbí sì ti bàjẹ́, ibẹ̀ ni ewu wà.

5. Ọ̀RỌ̀ ÌLERA

Oorun. Àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà sọ ní 2016 pé ẹni tí ó wà láàrin ọdún 13 àti 18 níláti máa sùn wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́. Ọmọ tí ó fi aṣọ bo orí tí ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí di aago méjì òru, tí yóò sì jí ní aago márùn-ún láti pọn omi, kò lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Kì í ṣe òpè. Oorun ni ó ń kùn ún.

Oyún. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé gìrì aboyún àti àrùn inú lẹ́yìn ìbímọ a máa bá àwọn ìyá tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 10 sí 19 jà ju àwọn tí ó wà láàrin 20 sí 24 lọ, àti pé àwọn ọmọ wọn a máa kéré jù, tàbí kí a bí wọn láìpé oṣù. Ní Nàìjíríà, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 15 sí 19, àwọn 23 ni ó ti bímọ tàbí tí ó lóyún ní 2013. Wọ́n di 19 ní 2018. Wọ́n sì di 15 nínú ìwádìí ti 2023 sí 2024. Ó kéré ní ìlú ńlá ju abúlé lọ, ó sì pọ̀ jù lọ láàrin àwọn tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn ìkẹyìn yìí. A óò padà sí i.

Àrùn. Àtọ̀sí àti éèdì kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Àrùn mìíràn tún wà tí ènìyàn kì í mọ̀ pé ó wà lára òun, èyí tí ó lè di jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ nígbà tí obìnrin bá dàgbà. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń dènà rẹ̀, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń gbà á. Kí òbí má ṣe rò pé gbígba abẹ́rẹ́ yìí ń fún ọmọ ní àyè láti ṣe ìṣekúṣe. A ń kọ́ odi kí olè tó dé ni.

6. ÀPẸẸRẸ KAN

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a má sì pe orúkọ rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀. Ó ń gbé pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, nínú yàrá méjì tí ènìyàn méje ń gbé. Ní kùtùkùtù ó ń gbálẹ̀. Ní ọ̀sán ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ń bá wọn tajà ní Ọ̀yìngbò. Kò sí ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀ bí kò ṣe láti rán an níṣẹ́. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé o ti jẹun?" Láti oṣù mélòó kan, kò sí ẹni tí ó tíì béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní ilé kan, àbúrò bàbá rí ìwé tí ọmọkùnrin náà kọ. Ó na ọmọ náà, ó gba fóònù rẹ̀, ó sì pe bàbá rẹ̀ ní oko pé ọmọ rẹ̀ ti di aṣẹ́wó. Bàbá ní kí ó máa bọ̀ nílé kíá, ìwé tó. Ọmọ náà kò dé oko. Ilé ọ̀rẹ́ ọmọkùnrin náà ni ó sá lọ, nítorí ibẹ̀ nìkan ni a kò ti pè é ní orúkọ burúkú. Kí ọdún tó yípo, ó ti lóyún.

Ní ilé kejì, ìyàwó àbúrò bàbá ni ó rí ìwé náà. Ó dúró di ìgbà tí ilé dákẹ́, ó sì pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀.

"Ta ni ọmọ yìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. Ẹ má sọ fún Bàbá mi."

"N kò bínú. Èmi náà ti jẹ́ ọmọ ọdún 15 rí. Ọmọ ta ni? Níbo ni ilé wọn? Kí ni ẹ jọ máa ń ṣe?"

Ọmọ náà sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà ní kí ọmọkùnrin náà wá kí òun ní ọjọ́ Sátidé, ní ojú gbogbo ènìyàn. Ó wá, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì dọ̀bálẹ̀. Obìnrin náà bi í léèrè orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì lọ kí ìyá náà. Ó wá sọ fún àwọn méjèèjì pé: "Ẹ lè jọ kàwé ní pálọ̀ níhìn-ín. Ẹ kì í lọ sí kọ̀rọ̀. Bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ mi. Bí ìwé bá lọ sílẹ̀, ọ̀rẹ́ dúró." Ọdún méjì lẹ́yìn náà ọmọ náà yege ìdánwò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà ti tán ní tirẹ̀ kí ìdánwò tó dé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ ọmọdé ti máa ń tán. Nígbà tí ó tán, ọ̀dọ̀ obìnrin náà ni ó ti lọ sunkún.

Ọmọ kan náà ni nínú ilé méjèèjì, ìwé kan náà, ọ̀rẹ́ kan náà. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé nínú ilé kejì, alárinà padà dé.

7. OHUN TÍ ÒBÍ ÀTI ALÁGBÀTỌ́ LÈ ṢE

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó mọ̀ pé a kì í gbin ọmọ kòkó sí gbangba oòrùn, yóò jóná. A kì í sì í gbìn ín sínú òkùnkùn igbó, yóò tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní so. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a ń gbìn ín sí. Bí ó ti ń dàgbà ni a ń dín ìbòòji náà kù, títí yóò fi lè dá dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ tí ó ti bàlágà. Ẹni tí ó sé e mọ́lé, òkùnkùn ni ó fi í sí. Ẹni tí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, oòrùn ni ó nà án sí. Nítorí náà:

(i) Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí ìyá tàbí bàbá bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ kí ó tó bàlágà, ní èdè tí ó mọ́, láìtijú. Ohun tí ẹ kò bá sọ fún un, ìta yóò sọ ọ́ fún un ní ọ̀nà tí kò dára.

(ii) Ẹ yan alárinà kan. Bí ẹ bá ń fi ọmọ ránṣẹ́ sí Èbúté Mẹ́ta, ẹ má fi owó ìwé nìkan ránṣẹ́. Ẹ dárúkọ àgbàlagbà kan, obìnrin fún ọmọbìnrin, tí ọmọ náà lè sọ ohun gbogbo fún láìbẹ̀rù ẹgba. Ẹ máa pè é fúnra yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè pé, "Báwo ni ara rẹ?" kí ẹ tó béèrè pé, "Ipò kelòó ni o gbà?"

(iii) Ẹ fi ààlà sí i, ẹ má fi ìkọ̀kọ̀ sí i. Kí ọ̀rẹ́ wá sí ilé, ní ọ̀sán, ní ojú ènìyàn. Kí fóònù má wọ ibi tí ọmọ ń sùn. Kí ẹ jọ fi ohùn ṣọ̀kan pé ìwé ni ó ṣáájú.

(iv) Ẹ kọ́ ọmọkùnrin pẹ̀lú. Àwa a máa ṣọ́ ọmọbìnrin bí ẹyin, a sì ń fi ọmọkùnrin sílẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó lè bá a. Ọmọkùnrin tí a kò kọ́ pé "rárá" túmọ̀ sí rárá, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò fi ìyà rẹ̀ jẹ. Ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú ń bàjẹ́.

(v) Ẹ mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọdẹ. Ọkùnrin tí ó ti dàgbà, tí ó ń ra fóònù fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì ń fi ọkọ̀ gbé e, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òfin ọdún 2003 náà sọ ọ́ di ọ̀ràn ńlá láti bá ẹni tí kò pé ọdún 18 lò pọ̀, kò sì gba àwáwí pé ọmọ náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fipá bá ọmọ lò, ẹ má fi bò nítorí ìtìjú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó tó wẹ̀. Láti 2013 ni Mirabel Centre ti wà ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, níbi tí a ti ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìgba owó.

(vi) Ẹ má fi ìwé jẹ ọmọ níyà. Nísinsìnyí a padà sí gbólóhùn tí a ní kí ẹ má gbàgbé. Oyún pọ̀ jù lọ láàrin àwọn tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà náà, bàbá tí ó bínú tí ó sì yọ ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé ó ní ọ̀rẹ́ ti wó ọgbà tí ó yí oko ká, nítorí pé ó rí ipasẹ̀ ewúrẹ́ kan níbẹ̀.

(vii) Bí oyún bá sì dé, ayé kò tíì parí. Ẹ mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá, kí àwọn oníṣègùn máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá bímọ, ẹ jẹ́ kí ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone, ìjọba ṣe òfin ní 2015 pé aboyún kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé òfin náà tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ọmọbìnrin lójú, ìjọba ibẹ̀ sì fagi lé e ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Bí ìjọba bá lè ronú pìwà dà, kí ni ó dé tí bàbá kò fi lè ṣe é? Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.

8. Ọ̀RỌ̀ KÚKÚRÚ FÚN ÀWỌN Ọ̀DỌ́

Ẹ̀yin ọmọ wa, a kò sọ pé ọkàn yín kò gbọdọ̀ fà sí ẹnikẹ́ni. Ọkàn tiwa náà fà rí. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé, ohun tí ẹ kò bá lè ṣe ní ojú ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ràn yín, ẹ bi ara yín ní ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé, "Má sọ fún ìyá rẹ," ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ní kí ẹ fi ìwé yín sílẹ̀ nítorí òun, kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní ìfẹ́. Ọ̀nà náà gùn, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò gùn tó ọ̀nà tí ẹni tí ó ṣìnà yóò rìn padà.

ÌBÉÈRÈ TÍ A LÈ JỌ GBÉ YẸ̀ WÒ NÍLÉ TÀBÍ NÍNÚ ẸGBẸ́

1. Iṣẹ́ wo ni alárinà ń ṣe ní ìgbà àtijọ́ ju jíjẹ́ iṣẹ́ lọ? Ta ni ó ń ṣe é nínú ilé wa nísinsìnyí?

2. Kí ni ó sọ ọ̀nà láàrin ìbàlágà àti ìgbéyàwó di gígùn? Ọdún mélòó ni ó jẹ́ fún ọmọ tiwa?

3. Nínú ilé méjì tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, èwo ni ó jọ tiwa? Kí ni a ó yí padà kí oṣù yìí tó parí?

4. Ọmọ wa tí ó wà ní Èbúté Mẹ́ta, ìgbà wo ni a béèrè kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun?